Ọ̀nà Ọ̀fun Máńgòrò

Ajé, 29 Igbe

Táàmù kẹta wọlé lónìí. Òrùlé kíláàsì mi tí ìjì ká lọ nígbà ìsinmi ṣì wà níbi tí ìjì gbé e sí. Páànù méje ni wọ́n rí nínú oko Ikrimah tó bá ilé-ìwé pààlà. Ìyókù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n forí lé. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, tí mo fi ọdún mẹ́rin jù lọ, ní kí n fara dà á. Mo bi í pé ara wo ni kí n fi dà á? Ọmọ Pírámárì Fáìfù mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pátákó kan, tíṣà kan, òjò ń bọ̀. Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ gbé bẹ́ǹṣì, a kó sábẹ́ máńgòrò ńlá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ibòji rẹ̀ gba gbogbo wa, àyè tún ṣẹ́ kù. Èso rẹ̀ kò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n Muaz ti ń wò wọ́n kí n tó pe orúkọ tán.

Ọjọ́bọ̀, 2 Èbìbí

Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tó kàn ni bí omi ṣe ń rìn nínú ewéko. Ìlà mẹ́ta péré ni ìwé wọn kọ sí i: gbòǹgbò mu omi, igi gbé e, ewé lò ó. Mo kà á, wọ́n kà á tẹ̀ lé mi, mo ní ó parí. Muaz nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ta ló ń ti omi náà lọ sókè?"

Mo ní kó jókòó, kó yéé da kíláàsì rú.

Ọmọ náà kò da nǹkan kan rú. N kò mọ̀ ọ́n ni. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìlà mẹ́ta yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi ní ohun tó bi mí. Ojú tì mí títí mo fi délé.

Ajé, 6 Èbìbí

Mo po osùn mọ́ omi nínú ife dígí, mo ti gbúre bọ̀ ọ́ láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé wọn á rí bí pupa ṣe máa gun gbúre lọ sókè. A dé bá a lówùúrọ̀, osùn ti rọ̀ sí ìdí ife, omi mọ́ kedere lókè rẹ̀, gbúre tutù yọ̀yọ̀, kò pọ́n rárá. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń wò mí bí ẹni tí mo ṣèlérí ẹran fún tí mo gbé ẹ̀fọ́ fún.

Àràmídé, ọmọ Pásítọ̀, ní, "Àǹtí, gbúre ò mu ìdọ̀tí."

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí létí. Osùn kì í yòrò, ìyẹ̀fun lásán ni, ó kàn ń léfòó kiri nínú omi kó tó rọlẹ̀ ni. Ẹnu tí gbúre fi ń mumi kéré ju ìyẹ̀fun lọ. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Àràmídé, mo sì ṣe bí ẹni pé bí mo ṣe pète rẹ̀ láti ilé nìyẹn.

Ọjọ́rú, 8 Èbìbí

Qonitah, ọmọ tí kì í gbóhùn sókè, gbé sóbò wá nínú ìgò. Ìyá àgbà rẹ̀ ló sè é fún un, kò fi ṣúgà sí i. A kó gbúre tuntun sínú rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Kó tó di aago kan, ìlà pupa tín-ín-rín ti wà nínú igi gbúre, ó ń gùn ún lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ewé. Mo fi bíléèdì gé e kí wọ́n rí inú rẹ̀: àmì pupa wẹ́wẹ́, ó tò yí ká, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, n kò tíì rí kí Pírámárì Fáìfù dákẹ́ báyẹn láìjẹ́ pé mo mú ẹgba dání. Ẹnu ya èmi gan-an. Láti kékeré ni mo ti ń já gbúre sínú ọbẹ̀, n kò mọ̀ pé gbogbo ọ̀nà yẹn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹtì, 10 Èbìbí

A fi ọ̀rá tó mọ́ kedere di ẹ̀ka máńgòrò kékeré kan tó ní ogún ewé, a so ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, omi ti ń sẹ̀ nínú ọ̀rá náà. A tú u, a wọ̀n ọ́n: ó kún ìdérí ìgò mẹ́jọ. Muaz tọ́ ọ wò kí n tó dá a lẹ́kun.

Ó ní, "Omi ni o, Àǹtí. Omi gidi."

Mo ní ká ka ewé igi náà. A ka ti ẹ̀ka ńlá kan, ó tó ẹgbẹ̀rin; ẹ̀ka bíi rẹ̀ ń lọ bí ọgọ́rùn-ún. A ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí pátákó títí ṣọ́ọ̀kì fi fẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ ló kù kó kún dúrọ́ọ̀mù kan. Dúrọ́ọ̀mù omi kan ń kọjá lókè orí wa lójoojúmọ́, nígbà tí àwa ń ké ìsọdipúpọ̀ nísàlẹ̀, kò sì dún pẹ́ẹ́. Bóhóòlù ilé-ìwé ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá torí kò sẹ́ni tó máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Igi yìí kò béèrè epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fọwọ́ lé ara rẹ̀ kí n tó lọ sílé, n kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 14 Èbìbí

Mo pe Iyìolúwa, ọmọ mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Òrò. Mo bi í ní ìbéèrè Muaz. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màámi, kò sẹ́ni tó ń tì í. Ewé ló ń fà á."

Ó ní oòrùn á mú díẹ̀ kúrò lójú ewé, èyí tó kúrò á fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn náà á fa tẹ̀yìn tirẹ̀, títí dé inú ilẹ̀, torí pé omi máa ń di ara rẹ̀ mú.

Mo gbé e dé kíláàsì lónìí. Mo ní, "Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fa omi ní kànga. Ewé ló dúró létí kànga, ó ń fa omi."

Qonitah ní, "Àǹtí, okùn ńkọ́? Kò sí okùn nínú igi."

Mo ní, "Omi fúnra rẹ̀ ni okùn náà."

Orí mi wú bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Wọ́n gbójú sókè, gbogbo wọn, wọ́n ń wo inú ewé. Àràmídé ní tí okùn bá já ńkọ́, mo ní mo máa bi Iyìolúwa. Inú mi dùn débi pé mo lè fò.

Bóyá ayọ̀ yẹn ló pa mí bí ọtí. Qonitah tún nawọ́, ó ní ìyá àgbà òun, tí wọ́n ń ta ewé àti egbò, ní a kì í bó èèpo máńgòrò níbi gbogbo. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń yọ àti ẹ̀gbẹ́ tó ń wọ̀ sí nìkan ni wọ́n ń bó. Èèpo tó bá ti ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù wá kò lè wo ibà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èèpo ni èèpo. Ibà mọ ìlà-oòrùn ni?" Kíláàsì hó gèè. Qonitah doríkodò. Kò wù mí bó ṣe doríkodò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ la wá kọ́.

Ajé, 20 Èbìbí

Òjò láti Àbámẹ́ta. Ẹ̀fọn gba ìlú. Ọmọ mẹ́sàn-án kò wá, ibà ni gbogbo wọn. Oògùn ilé kẹ́mísì ti gbówó lórí ju ti oṣù tó kọjá lọ, kò sí ilé tí a gbà kọjá tí wọn ò gbé ìkòkò àgbo kaná.

Ọjọ́bọ̀, 23 Èbìbí

Mẹ́tàlá kò wá. Èmi náà ń gbọ̀n. Kò sí ẹ̀kọ́ lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 28 Èbìbí

Àná ni àyájọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n yan ní Ọ̀mù-Àrán, kò sẹ́ni tó wá sílé-ìwé. Mo dé lówùúrọ̀ yìí, mo yí sẹ́yìn ọ́fíìsì.

Wọ́n ti bó máńgòrò náà yípo. Ibi tó tínrín jù níbi tí wọ́n bó fẹ̀ tó rúlà kan. Kò sí èèpo kankan tó so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́, ara igi funfun ló ṣẹ́ kù, ó ti ń gbẹ.

Mo bi àwọn ọmọ, wọn ò purọ́. Àwọn ará ilé Pásítọ̀ bó o, àwọn ará ilé Muaz bó o, ilé mẹ́fà mìíràn bó o. Muaz ló ṣàlàyé.

"Ẹ̀gbẹ́ méjì tí wọ́n máa ń bó ti tán, Àǹtí. Màámi fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo, mo sọ fún wọn pé ẹ ní èèpo ni èèpo."

Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́, bí ọmọ tó gba iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tó sì ṣe é pé. Mo ní kí wọ́n ka ìwé sínú.

Ọjọ́rú, 29 Èbìbí

Ewé rẹ̀ tutù bíi ti àná. Mo rò pé bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Mo pe Iyìolúwa. Ó ní inú igi funfun yẹn ni omi ń gbà gòkè, ìyẹn ni ewé kò ṣe rọ. Ṣùgbọ́n inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ fún gbòǹgbò. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gé.

Nítorí náà, gbòǹgbò ń pọn omi ránṣẹ́ sókè lójoojúmọ́, ebi sì ń pa á. Á máa pọn ọ́n bẹ́ẹ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tán. N kò mọ̀ pé ohun tó yani lẹ́nu lè dunni tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 30 Èbìbí

Mo lọ sílé ìyá àgbà Qonitah, Ìyá Àyìsátù. Wọ́n ń ṣa ewé lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, mo wá tọrọ àforíjì. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọ-ọmọ yín."

"Mo gbọ́. Ẹkún ló sun wálé. Ó ní Àǹtí ní irọ́ ni mò ń pa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Inú bí mi, ó ti tán. Wọ́n ti bó o yípo, àbí?"

"Wọ́n ti bó o yípo, Ìyá."

"Súbúhánàlláhì." Wọ́n káwọ́ lérí, ewé dà sílẹ̀ lára wọn.

Mo jókòó tì wọ́n, a jọ ń ṣà á. Mo bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni èèpo ẹ̀gbẹ́ kejì kò lè wo ibà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

"Ó lè wò ó. Ara igi kan náà kọ́ ni? Nígbà tí mo gbọ́n díẹ̀ ni ìyá tèmi tó là á yé mi. Bí a bá ní kí aráyé fi díẹ̀ sílẹ̀ fún igi, ta ló máa gbọ́? Ọmọ wọn ń gbóná lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kò ní ṣiṣẹ́, wàlláhì, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù yẹn, ọ̀nà ọ̀fun igi ni. Ibẹ̀ ló ń gbà gbé oúnjẹ mì."

Èmi tí mo fi sóbò àti gbúre ń yangàn! Ọjọ́ gbogbo tí mo ti ń gbọ́ ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, mo pè é ní àìmọ̀kan. Ìyá wọn, ìyá ìyá wọn, wọ́n mọ ohun tí Iyìolúwa ń lọ kàwé lé lórí, wọ́n sì mọ èèyàn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹtì, 31 Èbìbí

Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo ṣìnà, Qonitah ló tọ̀nà. Mo ní kó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dìde, kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wá wo igi náà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Mà, igi tí wọ́n bó báyìí kì í yè é. Tó bá gbẹ, ẹ̀ka rẹ̀ á máa já. N kò ní jẹ́ kó já lé ọmọ ẹnikẹ́ni lórí. Ọjọ́ tí a bá gba ìsinmi ni wọ́n máa gé e. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀."

Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. A ti kó lọ sí fàráńdà Pírámárì Wáànù. Wọ́n ń ké ABD, àwa ń ṣe ìdá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdù

Mo tọrọ àyè, mo lọ sí Òrò. Ọ̀kadà ti di ẹgbẹ̀rún méjì. Iyìolúwa mú mi lọ bá Abdulfatah, ẹni tó ń lọ́ ẹ̀ka máńgòrò òyìnbó sára ti ìbílẹ̀ kí méjèèjì lè di igi kan, tó ń tà á fún àwọn àgbẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, oje igi ti pa èékánná rẹ̀ láró. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́ mi tán kó tó fèsì.

"A lè ṣe afárá fún un, Màmá. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ la máa gé, a ó ti ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ èèpo ìsàlẹ̀, a ó ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ èèpo òkè. Tó bá gbà, oúnjẹ á rí ibi gbà."

"Ẹ ti ṣe é rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ọsàn kan gbà. Máńgòrò kan kọ̀."

Mo bi í nípa owó, ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, òun náà fẹ́ rí i bóyá ó máa gbà.

Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

A ṣe é lónìí. Ọmọ méjìdínlógún wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé-ìwé. Abdulfatah gé ẹ̀ka mọ́kànlá, èyí tó tó ìka ọwọ́ mi ní sísanra, ó gùn díẹ̀ ju rúlà lọ. Ó fi ọ̀bẹ la èèpo ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sókè bí ẹni ń ṣí ìwé, ó ti ìdí ẹ̀ka bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè ki orí rẹ̀ sábẹ́ èèpo òkè. Àwọn ọmọ ń gé ọ̀rá omi tí a mu tán ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi í dì í. Qonitah ń fi amọ̀ rírọ̀ bo ojú rẹ̀. Èèpo ṣí wẹ́rẹ́ torí òjò. Abdulfatah ní ká ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni, kò ní ṣeé ṣe.

Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan. Mo gbá a mú, mo ti í bọ̀ ọ́, mo dì í, mo sì ń yọ̀. Ó wò ó, ó bojú.

"Màmá, orí rẹ̀ lẹ dà kodò."

Gbogbo kíláàsì fẹ́ kú fún ẹ̀rín. Mo ní igi kọ́ ni? Kí ni yóò fi mọ̀? Ó ní igi mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gé e tán. Ó ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ká má sì tú èyíkéyìí títí ọ̀sẹ̀ méje.

Mo bá a ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ku ọjọ́ kan ni ọjọ́ tí a máa gba ìsinmi.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Máńgòrò pọ́n. Gbogbo ìlú ló ń wí pé kò dùn báyìí rí. Ọ̀gá nìkan jẹ márùn-ún. Èmi náà jẹ ọ̀kan, ó dùn bí oyin. Mo pe Iyìolúwa kí n lè fi dá a lára yá.

Ó ní, "Màámi, ṣúgà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ni. Kò ríbi gbà, ó wá kún inú èso."

Oúnjẹ gbòǹgbò la ń jẹ. Mo gbé èkejì sílẹ̀. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọ́fíìsì, mo ní ata ló ta sí mi lójú.

Àbámẹ́ta, 15 Òkúdù

Iléyá di ọ̀la. Mo ní kí n yà wo igi, mo bá àgbò ńlá kan tí wọ́n so mọ́ ọn! Ikrimah ló so ó, ó ní ibòji ibẹ̀ ṣófo, koríko sì wà. Okùn àgbò ti fà yí igi po, ó ti ya afárá méjì dànù. Mo pariwo débi pé àgbò náà kúnlẹ̀. Mo sọ fún Ikrimah ohun tí kò yẹ kí n sọ lọ́jọ́ tí ọdún kù ọ̀la. Mẹ́sàn-án ló kù, ọ̀kan nínú wọn dorí kodò.

Ọjọ́rú, 19 Òkúdù

Ìyá Àyìsátù fi ẹran ọdún ránṣẹ́. Ikrimah wá fúnra rẹ̀, ó gbé ọparun dání, ó fi ṣe ọgbà yí igi po.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí, ẹnu yín mú o."

Mo ní mo mọ̀. A rẹ́rìn-ín.

Ajé, 1 Agẹmọ

Ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já. Ọkùnrin kan tó ń fi ṣéènsọ̀ gé igi, Barnabas, wá láti Bàbáńlá, ó fi okùn wọn igi náà, ó ní igi ìdáná tó dáa fún oníbúrẹ́dì ló máa jẹ́. Ó wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ lọ́jà. Ẹ̀rù ń bà mí gidi. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbàdúrà lórí igi, bí Pásítọ̀ bá mọ̀, á fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 9 Agẹmọ

Òjò. Ewé mọ́kàndínlógójì nílẹ̀ lónìí. Àràmídé ló kà á.

Ọjọ́rú, 17 Agẹmọ

A ò tú wọn, ṣùgbọ́n a ń rí àárín púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí mo dorí rẹ̀ kodò ló kọ́kọ́ gbẹ, ó ti ṣú, ó ń ṣẹ́ bí ìṣáná. Omi kan náà, igi kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Muaz yí i láàárín ìka rẹ̀.

"Ó mọ̀ lóòótọ́, Àǹtí."

Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, a ń wò ó. Ta ló sọ fún un? Ibo ló kọ ọ́ sí?

Márùn-ún mìíràn ti gbẹ. Mẹ́ta ló kù tí a kò lè sọ ohunkóhun nípa wọn, torí ọ̀rá àti amọ̀ bò wọ́n látòkè délẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 23 Agẹmọ

Ìdánwò parí. N kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 25 Agẹmọ

Ọ̀la ni ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n Barnabas dé lónìí, ó ní ọ̀la kò rọ òun lọ́rùn. Fàráńdà ni mo wà tí mo ti gbọ́ ìró ṣéènsọ̀. N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ìwé àmì ìdánwò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti fa ọgbà ọparun tu. Ọ̀gá dúró tì í.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ọ̀gá ní, "Mà, a ti sọ ọ́ tán."

Mo ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún, Adéoyè."

N kò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá. Ó juwọ́ sí Barnabas, ìyẹn dín ìró ẹ̀rọ náà kù. Àwọn ọmọ ti tẹ̀ lé mi, wọ́n dúró lọ́nà jíjìn díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nídìí igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá lára àwọn mẹ́ta tó kù. Amọ̀ kún èékánná mi.

Àkọ́kọ́. Mo fi èékánná ha á. Ó tutù, ó sì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo tú èkejì, mo ha á, omi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ sí mi níka. Mo tú ẹ̀kẹta. Níbi tí orí rẹ̀ ti wọ abẹ́ èèpo òkè, ara ti kún, ó ti dì mọ́ra débi pé n kò mọ ibi tí igi parí sí àti ibi tí ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Lára rẹ̀, láàárín méjèèjì, ewé kékeré kan ti yọ, pupa bí ẹyin ojú ẹyẹlé, kò tíì tó èékánná ìka ìkẹyìn mi.

Barnabas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí. Ó wò ó. Ó pa ẹ̀rọ náà.

Ó sọ fún ọ̀gá pé, "Sà, ẹ ní igi tó ti kú ni."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó fi èékánná tirẹ̀ ha àkọ́kọ́, ó ha èkejì, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Kò wò mí. Àwọn ọmọ ló kọjú sí.

"Ẹ gbé bẹ́ǹṣì yín bọ̀."

Wọ́n sáré bí ìgbà tí wọ́n bá lu agogo ìjáde. Méjì-méjì ni wọ́n ń gbé e, Qonitah àti Àràmídé ló gbé ti iwájú. Wọ́n tò wọ́n sí ibi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, ipa ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Barnabas kó okùn rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó padà wá, ó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Muaz ní, "Àǹtí, kí la fẹ́ kọ́?"

N kò ní nǹkan kan láti kọ́ wọn. Ìdánwò ti parí, ṣọ́ọ̀kì ti tán. Mo ní kí wọ́n jókòó ná. A jókòó, gbogbo wa, a gbójú sókè, atẹ́gùn ń fẹ́. Títí wọ́n fi lu agogo, kò sí ewé kan tó já lé wa lórí.